Bí mo ṣe tan fìtílà kábáìdì ara sáìdìkáà BSA ọdún 1922

Fìtílà náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó, ṣùgbọ́n níkẹ́ẹ̀lì náà ti bó káàkiri. Mo rà á níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ àlòkù alùpùpù, lọ́wọ́ ẹnì kan tó fọwọ́ sọ̀yà pé ó pé pérépéré. Nígbà tí mo tú u nílé, kò sí òrùka rọ́bà kankan nínú rẹ̀ mọ́, ẹnu tí iná ń gbà jáde sì ti dí pa. Ó dùn mí gan-an. Owó tí mo san kò kéré, mo sì ti ṣèlérí fún Bàbá pé iná á tàn lára sáìdìkáà rẹ̀, ìyẹn àga onítáyà kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù fún èrò, kí ọ̀gìnnìtìn tó dé.

Aládùúgbò mi ni Bàbá, ní Birmingham níbí. Òyìnbó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, n kò sì lè máa pe ẹni tó tó bàbá í bí mi lórúkọ. Bàbá ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí a ti mọra, ó sì ń dáhùn. Alùpùpù BSA ọdún 1922 kan wà nínú gáréèjì rẹ̀, onísílíńdà méjì, tí wọ́n so sáìdìkáà mọ́ lápá òsì. Small Heath, nínú ìlú yìí kan náà, ni wọ́n ti ṣe máṣíìnì náà. Gbogbo rẹ̀ ló pé, àfi fìtílà ẹ̀gbẹ́.

Mo bi í léèrè ohun tí iná kékeré yẹn wà fún, nígbà tí iná ńlá ti wà níwájú. Ó gbé ọwọ́ lé àga sáìdìkáà náà. Ó ní, "Bí iná bá wà lórí máṣíìnì nìkan, ẹni tó bá rí i lókùnkùn á rò pé alùpùpù lásán ló ń bọ̀. Kò ní mọ̀ pé ìyàwó mi wà níhìn-ín." Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ fìtílà yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ irin àti idẹ lójú mi.

Kí sáìdìkáà tó dé, ìyà ń jẹ ẹni tí wọ́n bá fi alùpùpù gbé. Àwọn kan ń so ọmọlanke alága mọ́ ẹ̀yìn, ẹni tó wà níbẹ̀ á jẹ eruku délé. Àwọn mìíràn gbé àga síwájú, bí máṣíìnì bá kọ lu nǹkan, èrò ló máa kọ́kọ́ fara gbá a. Ní oṣù kìíní ọdún 1903, ìwé ìròyìn Motor Cycling gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde tí àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, W. J. Graham ará Enfield ti gba ìwé àṣẹ pé òun ló ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ti àkọ́kọ́, híhun ni wọ́n hun wọ́n bí apẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1912, T. F. Watson, ará Birmingham, ṣe èyí tó ṣeé ká pọ̀, torí pé ọ̀nà tó wọ ilé rẹ̀ há jù fún un. Ilé iṣẹ́ sáìdìkáà Watsonian tibẹ̀ jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìbọn Vickers, tó ń rọ̀jò ọta, ni wọ́n gbé sínú sáìdìkáà alùpùpù Clyno. Ọdún 1922 tí wọ́n ṣe máṣíìnì Bàbá náà ni William Lyons àti William Walmsley bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sáìdìkáà Swallow ní Blackpool, àwọn ló padà di ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Jaguar. Nígbà tí ọkọ̀ Mini jáde ní 1959, tí owó rẹ̀ kò ga, tí òjò kò sì pa ẹni tó wà nínú rẹ̀, ọjà sáìdìkáà lọ sílẹ̀.

Birmingham náà ni ilé fìtílà. Joseph Lucas ti epo òyìnbó lórí ọmọlanke kiri àdúgbò Hockley kó tó di ẹni tó ń ṣe fìtílà, fìtílà kẹ̀kẹ́ "King of the Road" rẹ̀ sì gbajúmọ̀ gan-an. Lẹ́tà P&H ló wà lára èyí tí mo rà, ìyẹn Powell & Hanmer ti Birmingham níhìn-ín náà.

Kábáìdì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn wẹ́dà wa ń lo kábáìdì, gbogbo wa la mọ òórùn rẹ̀ tó dà bí ayù. Ẹfun sísun àti èédú ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ nínú iná mànàmáná tó le kí ó tó di òkúta eléérú yẹn. Thomas Willson ló ṣèèṣì rí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é lọ́pọ̀, ní North Carolina lọ́dún 1892; alumíníọ̀mù ló ń wá. Bí omi bá kàn án, gáàsì asẹ́tílíìnì á jáde, iná rẹ̀ á sì funfun báláú.

Nínú fìtílà, ìsàlẹ̀ ni kábáìdì máa ń wà, òkè ni omi máa ń wà, abẹ́rẹ́ kan tó ń yí ló sì ń díwọ̀n bí omi á ṣe máa kán. Ibi ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Eérú kábáìdì àtijọ́ ti le nínú rẹ̀ bí ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun. N kò fi irin kàn án. Fínígà tí mo fi omi là ni mo dà sí i, ó ń hó, ó ń rọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, mo sì tètè fi omi ṣàn án kí fínígà má bàa jẹ idẹ náà. Àgbá omi ń jò ní oríkèé, mo fi òjé jó o. Ẹ má ṣe fi ọ̀pá bàbà pọ́ńbélé dí ohunkóhun nínú irú fìtílà yìí o. Bí gáàsì yẹn àti bàbà bá jọ pẹ́ pọ̀, ohun tó ń bú gbàmù ni wọ́n ń dà.

Ẹnu iná ló gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Òkúta funfun tó rọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó ní ihò wẹ́wẹ́ méjì tó kọjú síra wọn. Gáàsì ihò kìíní á pàdé ti èkejì lófuurufú, iná á wá fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá. Okùn gìtá tó tín-ín-rín jù lọ ni mo fi là wọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí bí ihò náà bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín dúdú ló kù.

Mo pe Màámi lórí fóònù. Ọdẹ ni bàbá wọn lápá Ṣakí, fìtílà kábáìdì ló wà níwájú orí wọn lóru. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Bàbá Àgbà ṣe máa ń bu kábáìdì sí fìtílà?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àkànní, bàbá mi kì í bù ú kọjá ìlàjì. Tó bá ti mumi, á wú bíi gààrí. Bó o bá kún un, á fọ́ ọ mọ́ ọ lọ́wọ́." Wọ́n tún ní, "Omi ò sì gbọdọ̀ yára."

Mo gbé e síta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo bu kábáìdì sí ìlàjì, mo tú omi sílẹ̀ kán-kán-kán, mo fi ìfóófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé kí n lè rí ibi tí gáàsì bá ti ń jò. Ó hó lábẹ́ òrùka rọ́bà tí mo gé, mo pa omi, mo gé òmíràn tó nípọn. Lẹ́ẹ̀kejì kò hó. Mo ní sùúrù kí gáàsì lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán, kí n tó ṣá iṣáná. Iná jáde, ó wọ́ sápá kan, èyí tó fi hàn pé ihò kan ò tíì là dáadáa. Mo tún padà sídìí okùn gìtá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ló tàn gún. A ti dè é mọ́ ara sáìdìkáà, Bàbá wà lórí máṣíìnì, kò tan ẹ́ńjìnnì. Mo rìn lọ sí ìparí àdúgbò wa, mo yí padà. Iná méjì ni mo rí, àyè wà láàárín wọn, àyè èèyàn kan.

Bí ẹ bá pa omi, iná náà kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Kábáìdì tó ti tutù á ṣì máa tú gáàsì jáde, iná á máa kéré sí i díẹ̀díẹ̀. Àwa méjèèjì dúró tì í títí ó fi kú. Mo da eérú funfun rẹ̀ sínú garawa omi níta, mo fi sílẹ̀ láìbò di ọjọ́ kejì, kí èyí tó bá kù lára kábáìdì náà lè hó tán kí n tó dà á nù.