Bí Mo Ṣe Wo Ẹ̀jẹ̀ Ìwọ́ Ọmọ Tuntun Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù ní Kabba

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ láàbù lọ́dọ̀ mi ní Kabba máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkọ́sórí: ọmọ tuntun kò lágbára láti bá àrùn jà, ara rẹ̀ kò tíì gbó. Ọ̀rọ̀ náà kì í dùn mọ́ mi nínú, torí ó ń mú kí ènìyàn máa retí ohun tí kò yẹ ní retí. Mo ní ká wá ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ, ká fojú ara wa rí àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ní kò tó nǹkan.

Ìyá ọmọ gbà kíá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó bá a wá láti Ìyàrà ni iṣẹ́ wà.

“Okun o, Mà.”

“Okun, dókítà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa lẹ fẹ́ fà?” (Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun, dókítà ni. Mi ò kì í bá wọn jiyàn mọ́.)

“Rárá, Mà. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ibi ọmọ ni.”

“Ẹ má jẹ́ kí ibi náà sọnù o. A ó rì í.”

Agbẹ̀bí kò sáré gé ìwọ́. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú 2 kí ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó wá dì í pa, ó gé e. Mo nu apá tó wà lára ibi ọmọ mọ́, mo fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, èyí tó ní EDTA nínú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Yíyí la máa ń yí ìgò yẹn jẹ́jẹ́, a kì í mì ín jìgìjìgì.

Mo kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí sláìdì, mo fi etí sláìdì kejì tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró lọ́nà. Nígbà tó gbẹ, mo da aró Leishman lé e fún ìṣẹ́jú 2, mo fi omi bọ́fà (pH 6.8) ìlọ́po méjì rẹ̀ kún un, mo sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Mo fi omi ṣan án títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e dúró kó gbẹ. Bí a ṣe ní ká wò ó báyìí, wọ́n mú iná lọ. A gbé máíkírósíkóòpù àtijọ́ tó ń lo dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sì tó wa lò.

Àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun, pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì funfun bí 4,000 sí 11,000 nínú microlitre kan. Ti ọmọ tuntun lè tó 30,000. Ẹ̀yìn ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìka tọ́ka.

“Ọ̀gá, lymphocyte nìyí.” (Irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan ni.)

“Wo àwọ̀ tó yí kóró rẹ̀ ká. Ṣé búlúù ni?”

Ó tún wò ó. Ó pọ́n, ó sì fẹ́ ṣe eérú. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí kóró ṣì wà nínú rẹ̀ ni, irú èyí tí ẹ kì í rí nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà jábọ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì dàgbà wọ̀nyí, tó ní àmì CD71 lára, máa ń dá ọmọ ogun ara dúró. Nígbà tí wọ́n dín wọn kù lára ọmọ eku, ó túbọ̀ lè kojú bakitéríà Listeria, ṣùgbọ́n ìfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú nítorí àwọn kòkòrò tí kò ṣe é ní nǹkan, tó kàn ń wá ibùgbé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà pé iṣẹ́ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn dán an wò ní 2015, wọn ò rí i kó dá ikú eku tí àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró tàbí kó dá kún un. Ṣùgbọ́n ìjánu tó ń dá ọmọ ogun ara dúró ju ẹyọ kan lọ. Èròjà adenosine pọ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ó sì ń dín TNF, èròjà tó ń ru ìjà sókè, tí monocyte (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan) ń tú jáde kù, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan IL-6, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé èròjà S100A8 àti S100A9, tó kún ara ọmọ lásìkò ìbí, wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ìwúlé, ìyẹn gbígbóná àti wíwú ara nígbà tó bá ń jà, kọjá ààlà.

Ó ní ìdí. Bí ìwúlé bá gba ilé ọmọ kan, oyún lè wálẹ̀ láìpé oṣù. Bí ọmọ bá sì dáyé, kòkòrò oríṣiríṣi ló ń rọ́ wọ ìfun àti awọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dojú ìjà kọ gbogbo wọn, ara òun fúnra rẹ̀ ni yóò jó.

Ìyá àgbà ti wá gba ibi ọmọ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. “Ajá ọdẹ ni, ẹ kàn fi okùn mú un dání,” ló wí. Àlàyé tèmi gùn ju ìyẹn lọ.

Mo bá a sọ ọ̀rọ̀ ọyẹ́. Lágbègbè wa, bí ara ọmọ bá tutù lásìkò ọyẹ́, aṣọ la máa ń fi kún aṣọ. Ara tó gbóná ju 37.5°C lọ léwu, ṣùgbọ́n èyí tó tutù ju 35.5°C lọ náà lè jẹ́ àrùn inú ẹ̀jẹ̀, torí ibà lè má yọ rárá lára ọmọ tuntun tó ní àrùn. Ọmọ tí kò fa ọmú mọ́, tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìṣẹ́jú náà gbọ́dọ̀ pé, kí ojú wà lára ikùn rẹ̀, nítorí èémí ọmọ tuntun kì í lọ déédéé.

Ó ku ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ lè ka àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa oníkóró yẹn mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun, kí wọ́n máa wá àrùn tí kò sí. Bí ẹ bá ti ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun 100, ẹ ka iye oníkóró tí ẹ bá bá pàdé, ẹ fi 100 kún un. Ẹ sọ iye tí ẹ̀rọ kọ di ìlọ́po 100, kẹ́ ẹ wá fi àròpọ̀ àkọ́kọ́ yẹn pín in. Bí ẹ̀rọ bá kọ 24,000, tí oníkóró sì jẹ́ 20, a jẹ́ pé 20,000 ni sẹ́ẹ̀lì funfun gan-an.