Bí mo ṣe ka Descartes pẹ̀lú àwọn tó ta kò ó

Àwọn ìwé tó ń ṣàlàyé fìlọ́sọ́fì àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń pín àwọn onírònú ayé àtijọ́ sí abala méjì: wọ́n á ka Descartes, Spinoza àti Leibniz mọ́ àwọn tó gbára lé làákàyè, wọ́n á sì ka Locke, Berkeley àti Hume mọ́ àwọn tó ní ohun tí ojú rí tí etí sì gbọ́ ni orísun ìmọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìpín yìí, síbẹ̀ n kò lè sọ ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn gan-an. Nítorí náà, mo pinnu láti mú ìwé kan ṣoṣo, kí n kà á délẹ̀, kí n sì ka ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ rí i sọ sí i.

Ìwé tí mo yàn ni Meditationes de Prima Philosophia (ìyẹn ni Àṣàrò lórí Ìpìlẹ̀ Fìlọ́sọ́fì), tí René Descartes fi èdè Látìn kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní Paris ní ọdún 1641. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé àwọn alátakò rẹ̀ wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Kí ó tó jáde ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí i, tí wọ́n kọ àtakò ránṣẹ́, tí Descartes sì fèsì. Marin Mersenne, ọ̀rẹ́ Descartes, ló kó èyí tó pọ̀ jù jọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìtumọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí àwọn ẹ̀dà kan wà tí wọ́n ti yọ àtakò náà kúrò, ìyẹn sì ni ibi tó dùn jù lójú tèmi.

Mo la ìwé àkọsílẹ̀ mi sí méjì. Apá òsì ni mo ń kọ ohun tí Descartes fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí, ní Yorùbá, ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Apá ọ̀tún sì wà fún ẹni tó ta kò ó. Orí àkọ́kọ́ gbà mí lákòókò, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiyè méjì sí gbogbo nǹkan: ojú lè tan ènìyàn jẹ, ó lè jẹ́ àlá ni a ń lá, ẹ̀mí burúkú alágbára kan sì lè máa fi wá ṣeré. Ní orí kejì ni ó ti rí ohun tí iyèméjì kò lè wó, pé òun wà, níwọ̀n ìgbà tí òun bá ń rò ó. Gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, "Mo ń ronú, nítorí náà mo wà," kò sí nínú ìwé yìí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé tó fi Faransé kọ ní 1637 ni ó ti kọ́kọ́ hàn.

N kò pẹ́ lórí àwọn ẹ̀rí rẹ̀ pé Ọlọ́run wà, àfi níbi tí Antoine Arnauld, ọ̀kan nínú àwọn alátakò náà, ti dá a dúró. Descartes ní ohun tí a bá rí kedere nínú ọkàn jẹ́ òtítọ́ nítorí pé Ọlọ́run kì í tan ni jẹ. Arnauld wá béèrè bí a ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run wà, bí kò bá ṣe nítorí pé a rí i kedere. Èsì Descartes ni pé Ọlọ́run kò ṣe onídùúró fún ohun tí a ń rí kedere lọ́wọ́lọ́wọ́, bí kò ṣe fún èyí tí a kàn rántí pé a ti rí rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ti Gassendi, alátakò mìíràn, pa mí lẹ́rìn-ín: ó ń pe Descartes ní "Ìwọ Ọkàn," Descartes náà sì ń pè é ní "Ìwọ Ẹran-ara."

Lẹ́yìn èyí ni mo kà lọ sínú àwọn lẹ́tà Descartes. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1643, Elisabeth, ọmọ ọba Bohemia tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, béèrè bí ọkàn tí kò ní ìwọ̀n tàbí ìrísí ṣe lè ti ara kí ó sún, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó bá fẹ́ ti nǹkan gbọ́dọ̀ fara kàn án. Descartes fèsì pé ọkàn ń ronú, àti pé bí ó ti so pọ̀ mọ́ ara, ó lè bá a ṣiṣẹ́, kí ó sì bá a jìyà, ìyẹn ni pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i. Elisabeth dá a lóhùn pé ó rọ òun lọ́rùn láti gbà pé ọkàn ní ìwọ̀n ju kí òun gbà pé ohun tí kì í ṣe ara lè ti ara lọ.

Gbólóhùn "kí ó sì bá a jìyà" yìí ni Anton Wilhelm Amo mú ní ọdún 1734. Ọmọ Axim ni, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n mú un lọ sí Jámánì ní kékeré, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Halle àti Jena. Nínú iṣẹ́ tó gbé kalẹ̀ ní Wittenberg, ó fa ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà yọ, ó sì sọ gbangba pé òun kò fara mọ́ ọn: ara ló ń ní ìmọ̀lára, ọkàn kì í jìyà. Ó ní Descartes ti ta ko ara rẹ̀, nítorí ó ti fi ìrònú nìkan ṣe ìwà ọkàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrònú jẹ́ iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i.