Mọ́násítírì Bucovina: owó wíwọlé kò pọ̀, ọkọ̀ ló jẹ wá níyà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé owó táṣẹ́rẹ́ lèèyàn fi ń wo àwọn mọ́násítírì aláwòrán tó wà ní Bucovina, lápá àríwá Ròmáníà, kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì ló ń jẹ owó.

Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Iași ló ní ká lọ. A ti háyà mọ́tò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti yọ owó rẹ̀. Nígbà tá a dé ọ́fíìsì àwọn tó ń háyà mọ́tò náà nílùú Suceava, ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ gba káàdì ATM mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní irú èyí kọ́. Káàdì kírẹ́díìtì nìkan ni wọ́n ń gbà fún owó ìdógò. Mo ní owó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí n ka owó ìdógò náà sílẹ̀ fún un ní lei, ìyẹn owó Ròmáníà. Ó ní àwọn kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Mo wá bi í pé káàdì wo ni wọ́n fi yọ owó ọkọ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní èyí náà ni.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní tá a bá ra ìnṣọ́ránsì tiwọn, èyí tó wọ́n ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, káàdì kan náà yóò ṣeé lò! Àbúrò mi bá a fa ọ̀rọ̀ náà lédè wọn títí ó fi sú u. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Dídá owó padà ńkọ́? Wọ́n ní ká kọ̀wé.

A wọ reluwé dé ìlú Gura Humorului, a fẹsẹ̀ rìn dé mọ́násítírì Voroneț. Ibẹ̀ ni ara mi ti wálẹ̀. Ștefan cel Mare, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Moldavia nígbà yẹn, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ lọ́dún 1488, kò gbà wọ́n tó oṣù mẹ́rin. Ọdún 1547 ni wọ́n tó ya àwòrán sí ìta rẹ̀. Ìdájọ́ Ìkẹyìn ló gba gbogbo ògiri ìwọ̀-oòrùn: odò iná ń ṣàn láti ẹsẹ̀ Jésù, àwọn ẹranko ẹhànnà sì ń dá apá àti ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n ti pa jẹ padà. Àbúrò mi ní ó yẹ kí wọ́n gbé àwọn tó gba owó wa wá wò ó. Ẹ má pẹ́ lọ́dọ̀ ògiri àríwá, òjò àti afẹ́fẹ́ ti fọ̀ ọ́.

Tákísí la gbà lọ sí mọ́násítírì Moldovița àti ti Sucevița, iye rẹ̀ kò ṣeé sọ létí ìyàwó mi. Lórí òkè Ciumârna ni awakọ̀ ti rántí pé owó tá a jọ sọ kò kan dídúró deni. Síbẹ̀, èmi á tún san án nítorí Moldovița. Ìdótì Constantinople (Istanbul òde òní) ti ọdún 626 ni wọ́n yà síbẹ̀ lọ́dún 1537, àwọn ẹ̀yà Avar àtàwọn ará Páṣíà ló dótì ìlú náà nígbà yẹn, àmọ́ àwọn Tọ́ọ̀kì tó ń fojú ayàwòrán rí màbo ló fi rọ́pò wọn, tàwọn ti ìbọn ńlá!

Ká ní mo mọ̀ ni, Gura Humorului ni ǹ bá sùn. Voroneț àti mọ́násítírì Humor kò jìnnà síbẹ̀, èèyàn sì lè rí àwọn àlejò mìíràn tí wọ́n á jọ dá owó tákísí Moldovița. Tó bá sì jẹ́ mọ́tò lẹ fẹ́ háyà dandan, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìdógò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó wo iye owó.