Ẹ Wo Ìdí Ike Kí Ẹ Tó Kó O Jọ

Ẹ̀yin ará, àmọ̀ràn kan nìyí fún gbogbo wa tí a ń ṣa ike jọ fún àtúnlò. Kí a tó da oríṣiríṣi ike pọ̀, ẹ jẹ́ kí a dojú wọn délẹ̀, kí a wo nọ́ńbà tó wà láàárín àmì onígun mẹ́ta tó wà ní ìdí wọn. Irú ike tó jẹ́ ni nọ́ńbà yìí, tó ti wà láti ọdún 1988, ń sọ. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé iṣẹ́ kankan yóò gbà á. Nọ́ńbà 1 ni PET, tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, nọ́ńbà 2 sì ni HDPE, tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ọṣẹ olómi.

Nọ́ńbà 3, ìyẹn PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ bá bọ́ sáàárín PET, yóò ti jóná kí ooru tó dé nǹkan bí 250°C tí PET fi ń yọ́, ásíìdì tó bá sì tú jáde yóò ba èyí tó dára jẹ́.

Ọmọrí ìgò kò fa wàhálà ní tirẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti lọ ìgò wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà á sómi, PET yóò rì, ọmọrí yóò sì léfòó. Ẹ ṣáà béèrè bí ẹni tó ń gba ike lọ́wọ́ yín ṣe fẹ́ ẹ.

Ẹ da ohun tó kù nínú ìgò nù, kí ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.