Jéró ẹyẹ tí adìẹ ń jẹ
Adìẹ àdúgbò ló ń jẹ jéró tí mo ń dà sílẹ̀ fún ẹyẹ lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀fà. Eku a sì kó ìyókù lóru. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 ló yanjú rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, mo gé ojú méjì sí i lára kí ẹyẹ lè máa ti ibẹ̀ ṣa jéró inú rẹ̀, mo sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi òjò lè máa ro jáde, torí jéró tútù kì í pẹ́ẹ́ bu. Wáyà ni mo fi so ó rọ̀ sẹ́ka máńgòrò, ó jìnnà sí ìtì igi. Ẹ̀ga ti gbà á! Àdàbà kì í fẹ́ bà lé ohun tó ń mì, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa èyí tí ẹ̀ga bá gbọ̀n dànù. Ẹni tó fẹ́ràn oorun ọ̀sán, kó má so ó sítòsí fèrèsé o, ariwo ẹ̀ga kì í ṣe kékeré.