Bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe fojú rí ohùn ara wọn

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 níbí ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ àmì ohùn sì ti ń dùn mí tipẹ́. Ọmọ tí kò jẹ́ ṣi igbá pè ní ìgbà lẹ́nu láéláé, bó bá ti gbé bírò báyìí, "igba" ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Mà, àmì yẹn ń dààmú wa."

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́, jáde ní 2013, ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò gbọ́ ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ni èmi ń wá. Praat ni mo rí, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, tó sì ń yà á ní ìlà. Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, bó bá sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kò tún béèrè dátà mọ́.

Mo tẹ "New", mo yan "Record mono Sound", ọmọ sọ̀rọ̀, mo fi í pamọ́, mo sì ṣí i pẹ̀lú "View & Edit". Ìlà aláwọ̀ búlúù tó yọ yẹn ni ohùn ọmọ náà, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ bá wa ba iṣẹ́ jẹ́. Kò síná lọ́jọ́ náà, projector tí mo yá sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, la bá gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sẹ́yìn fèrèsé. Ọmọ àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìlà tó jáde rí wúruwùru. Ariwo ẹ̀rọ ni Praat ń gbọ́. Mo ní kí wọ́n pa á. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi kún, nítorí náà a kọ́kọ́ gba ohùn gbogbo ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́, kí a tó tan jẹnẹrétọ̀ padà láti fi hàn lára aṣọ funfun tí mo kọ́ sára ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe máa tò ó nìyẹn.

Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni mo ti kọ sílẹ̀ láti ilé, ìlà wọn sì ń já láàárín. Mo ronú títí kó tó yé mi: ọ̀fun kì í gbọ̀n nígbà tí a bá ń pe k, ẹ̀rọ kò sì rí ohùn kankan dì mú níbẹ̀. Mo ṣàlàyé ìyẹn fún wọn, mo wá mú ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀ dípò, nítorí ọ̀fun kì í dákẹ́ lórí w.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé ló sọ wọ́n. Ní "ọwọ́", ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láàárín, ó sì gòkè. Ní "ọwọ̀", ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ náà, ó sì já wálẹ̀. Ti "ọ̀wọ̀" ti wà nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó lọ fi ìka tọ ìlà "ọwọ́" lára aṣọ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó dúró. Ó ní, "Mà, bí wọ́n ṣe ń fa àmì ẹ̀ náà nìyí!"

Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ ọ́.

Ọmọ àyàn kan wà ní kíláàsì náà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé gángan bàbá rẹ̀ wá, ó fi lu "ìlú", ó fi lu "ìlù". Ìlà gángan já níbi mélòó kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹnu rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì tọ̀.

Nígbà tí agogo ìsinmi lù, ọmọ ìdí fèrèsé ní òun fẹ́ rí orúkọ ìlú wa. Ó sọ "Òṣogbo". Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó pòórá, ó tún yọ láàárín, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní ó ti bàjẹ́.

"Kò bàjẹ́ o," ló dá a lóhùn. "Ṣ ló gé e." Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ náà sójú bọ́ọ̀dù, ó sì fi àmì sórí O àkọ́kọ́ nìkan.