Bí mo ṣe dá àgbàrá dúró lóko mi ní Ẹ̀fọ̀n, àti ohun tí ojú mi rí

Gbogbo ajílẹ̀ tí mo rà lọ́dún tó kọjá, inú odò ló lọ, inú sì ń bí mi títí di òní. Gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ òkè ni oko mi wà, lápá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kí awakọ̀ katakata tó tan ẹ́ńjìnnì ni mo ti sọ fún un pé ìbú ni kó kọ ilẹ̀ náà, kó má kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Mo yà lọ ra omi mímu wá fún un. Kí n tó dé, ó ti fa poro gbọọrọ láti orí òkè dé etí odò, ó ní bẹ́ẹ̀ ló rọ ẹ̀rọ lọ́rùn. Ó sì gba owó rẹ̀ pé.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn tí a gbin àgbàdo, gbogbo poro yẹn di ojú àgbàrá. Ó kó àgbàdo, ó kó ajílẹ̀, ó kó ilẹ̀ dúdú tó wà lókè. Òkúta wẹẹrẹ àti ilẹ̀ pupa ló ṣẹ́kù. Ti ilẹ̀ dúdú yẹn ló dùn mí jù. Ajílẹ̀ ṣeé rà lọ́jà, ta ló ń ta ilẹ̀?

Lọ́dún yìí, mi ò pe katakata rárá. Àgbàṣe ni mo gbà, èmi fúnra mi ni mo sì fa ìlà ìbú tí ebè máa tẹ̀ lé. Igi méjì tó gùn dọ́gba, tó tó mítà méjì, ni mo so pọ̀ lórí, mo la ẹsẹ̀ wọn, mo wá fi igi kẹta dábùú wọn láàárín bíi lẹ́tà A. Mo so okùn mọ́ orí rẹ̀, mo so òkúta mọ́ ìdí okùn náà kó lè rọ̀ kọjá igi ìdábùú. Ẹ gbé e nílẹ̀, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi yẹn. Ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ síbi tí ti òsì wà, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú gan-an. Bí okùn bá ti dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba nìyẹn, ẹ kan èèkàn, kí ẹ máa gbé e lọ. Àárọ̀ ló dára jù, kí atẹ́gùn má baà máa fi okùn ṣeré. Ìlà tó máa jáde kì í tọ́, ara òkè ló ń tẹ̀ lé.

Àwọn àgbàṣe ráhùn. “Mọ́mì, ebè yìí wọ́, kò dáa lójú.” Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́.

Koríko ló wá fẹ́ pa mí. Lórí ilẹ̀ tó dà tó báyẹn, ebè nìkan ò tó, òjò ńlá kan lè já a láàárín. Koríko fẹ́tífà (vetiver) ni mo fẹ́ gbìn sójú ìlà, nítorí ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ, ó lè ju mítà mẹ́ta lọ, kì í sì í ràn wọnú oko. Mo san ìdajì owó fún ẹni tó ń tà á. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, òmíràn tún kọjá, òjò ti ń rọ̀, ebè mi wà níhòòhò.

Nígbà tí àpò dé gáréèjì, mo já ewé kan, mo rún un lọ́wọ́. Òórùn ewé tíì ló jáde! Gbòǹgbò fẹ́tífà ló ń ta sánsán, ewé rẹ̀ kì í rùn báyẹn. Mo pè é. Ó ní, “Mọ́mì, ṣebí koríko náà ni.” Ewé tíì dára fún àgbo ibà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ò jìn tó èyí tí mo sanwó fún. Nígbà tó máa fi òmíràn ránṣẹ́, inú ọ̀rá ló dì í sí, ooru ti bò ó, ọ̀pọ̀ ti rà. Mi ò san ìyókù owó rẹ̀ títí ó fi kó èyí tó ní ẹ̀mí wá.

Mo gé ewé rẹ̀ ku ogún sẹ̀ǹtímítà, gbòǹgbò ku mẹ́wàá, mo gbìn ín ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láàárín wọn. Àlàfo kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni àgbàrá máa gbà. Abẹ́ kòkó ni kí ẹ má gbìn ín sí, kò fẹ́ràn ibòòji.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn pọ̀. Mo débẹ̀ láàárọ̀, omi wà nínú poro láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń rì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn koríko, ewé gbígbẹ àti erùpẹ̀ ti kóra jọ, ó ga tó ìka ọwọ́. Orí mi wú. Bàbá tí oko wọn wà nísàlẹ̀ tèmi bi mí pé, “Ta ló bá ọ fa ìlà yìí?” Mo ní, “Èmi ni, Bàbá.”

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó wá koríko rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó gbìn ín sẹ́bàá omi nílé, kó má dúró de ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì máa lo katakata, kó dúró tì í títí poro àkọ́kọ́ fi parí, kó má sì san kọ́bọ̀ kó tó rí i. Èmi ti gbin díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga mi, ibẹ̀ ni màá ti máa wú èyí tí màá fi dí àlàfo. Tó bá ti pọ̀ tó, ẹni tó bá wà lápá Ẹ̀fọ̀n lè wá wú níbẹ̀, mi ò ní gbowó.